Bí Àwòrán Ilẹ̀ Ṣe Sọ Akàn Di Afẹ̀gbẹ́rìn

Nígbà láéláé, nígbà tí akàn ṣì ń rìn tààrà bíi tèmi bíi tìẹ, tí ojú rẹ̀ sì wọnú bíi ti àwọn ẹranko yòókù, olùkọ́ ni akàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ gidi ni. Bí ó bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, àyà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé, kí ara tó kù tó tẹ̀ lé e.

Etí odò kan tí wọ́n ń pè ní Òyúnrẹ́ ni ó ń gbé. Ohun tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ni bí a ṣe ń ya àwòrán ilẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ iléèwé òde òní ń pè ní máàpù, àti bí a ṣe ń kà á. Ó mọ iṣẹ́ náà. Ó tún mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún kan, òjò kọ̀, kò rọ̀. Odò Òyúnrẹ́ gbẹ títí ó fi ku kòtò omi kan ṣoṣo, tí kò fẹ̀ ju agbada tí wọ́n fi ń dín àkàrà lọ. Inú kòtò náà ni Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ kó ọmọ mẹ́tàdínlógún sí. Àwọn ọmọ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò tíì ní ẹsẹ̀. Orí àti ìrù nìkan ni wọ́n ní. Bí omi bá tán, àwọn náà tán nìyẹn.

Akàn nìkan ló mọ ibi tí omi kù sí. Nígbà èwe rẹ̀, ó ti rìn dé ibì kan tí wọ́n ń pè ní Ibú Àìgbẹ. Nítorí náà, Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ tọ̀ ọ́ lọ, fún ìdílé tirẹ̀ àti fún ti Òkété àti ti Àparò.

"Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú wa dé ibẹ̀."

"Èmi?" Akàn wí. "Kí n máa da ìdílé mẹ́ta níwájú bí ẹni da ewúrẹ́? Ṣé iṣẹ́ olùkọ́ nìyẹn? Màá ya ọ̀nà náà fún àwọn ọmọ yín, wọ́n á sì mú yín lọ. Ọmọ tí mo bá kọ́ ní àwòrán ilẹ̀ kò lè sọnù láyé."

"Omi ọ̀hún ò lè kọjá ọ̀túnla o."

"Ọ̀la la máa kẹ́kọ̀ọ́, ọ̀túnla lẹ máa débẹ̀. Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ mẹ́ta pé sórí ẹrẹ̀ tó kù létí kòtò. Àkọ́kọ́ ni Rẹ̀mílẹ́kún, àkọ́bí Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́, tí òun ti ní ẹsẹ̀ ní tirẹ̀. Èkejì ni Òkété kékeré, tí ó fẹ́ràn láti máa bi ìbéèrè. Ẹ̀kẹta ni Àparò kékeré, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Bí wọ́n ṣe máa ń jókòó gbọ́ àlọ́ ni wọ́n ṣe jókòó: wọ́n pagbo. Akàn jókòó, ó kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Rẹ̀mílẹ́kún jókòó ní ọ̀ọ́kán rẹ̀, àwọn méjèèjì kọjú síra. Òkété kékeré wà lápá òsì Akàn, Àparò kékeré wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Àárín wọn ni Akàn ya àwòrán náà sí, lórí ẹrẹ̀ tútù.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe jókòó yìí o. Akàn kò rántí rẹ̀, ohun tí ó sì kó bá a nìyẹn.

Ó fa ìlà méjì tí wọ́n dábùú ara wọn, nítòsí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Kí nìyí?"

"Igi àràbà tó wà lọ́hùn-ún yẹn ni, Olùkọ́. Ibẹ̀ la ti máa gbéra."

Ó ya òbìrìkìtì mẹ́ta kéékèèké. "Èyí ńkọ́?"

"Òkúta mẹ́ta."

"Èyí tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó?"

"Òkìtì ọ̀gán."

"Òbìrìkìtì ńlá tí mo fa ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí nínú yìí?"

"Ibú Àìgbẹ," ni gbogbo wọ́n pariwo.

"Ṣé bí igi àràbà ṣe rí nìyí, ìlà méjì péré?"

"Rárá, Olùkọ́. Àmì ni. Àmì ló dúró fún igi."

"Ẹ káre." Inú Akàn dùn débi pé ó dìde, ó sì jókòó padà láìnídìí. "Gígùn èékánná mi kan lórí àwòrán yìí dúró fún ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lórí ilẹ̀."

Òkété kékeré nawọ́. "Olùkọ́, ìṣísẹ̀ ta ni?"

"Tèmi ni. Ìṣísẹ̀ ta lo tún fẹ́ kó jẹ́?"

Òkété kékeré sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Rẹ̀mílẹ́kún náà nawọ́. "Olùkọ́, níbi tí mo jókòó sí yìí, ẹsẹ̀ mi ni ibú wà. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú yín?"

"Àwòrán là ń kà, Rẹ̀mílẹ́kún, a ò ka ẹsẹ̀ rẹ. Wo ohun tó wà níwájú rẹ, kí o sì yà á bí o ṣe rí i."

Ó pín ewé kókò fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi ẹ̀gún ya àwòrán náà sórí ewé, oníkálukú bí ó ṣe rí i láti ibi tí ó jókòó sí. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n kó ewé fún Akàn kí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Akàn gba ewé Òkété kékeré, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, títí ó fi jọ ti òun gẹ́lẹ́. "Ó dára," ó wí, ó sì fi èékánná fa àmì sí i pé ọmọ náà gbà á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yí ewé Àparò kékeré. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yí ti Rẹ̀mílẹ́kún. Gbogbo wọn ló gbà á. Akàn wo ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì rò ó lọ́kàn pé bí olùkọ́ mìíràn bá wà láyé tó dà bí òun, kí onítọ̀hún jáde wá kí àwọn rí i.

"Lọ́la," ó wí, "ẹ kó àwọn òbí yín lọ sídìí àràbà. Ẹ kọjú sí oòrùn tó ń yọ. Ẹ gbé ewé yín síwájú, kí ẹ sì máa lọ bó ṣe wí. Èmi á ti ṣíwájú yín dé ibú."

Lóòótọ́, ó ṣíwájú wọn. Kí oòrùn tó yọ ló ti gbéra, ó na àyà, ó ń rìn tààrà. Oòrùn kò tíì mú nígbà tí ó dé Ibú Àìgbẹ. Omi náà tutù, ó jinlẹ̀, ó mọ́ gaara. Akàn wọ inú rẹ̀, ó mu, ó sì rọ omi kún abẹ́ ìkarahun rẹ̀ títí kò fi gbà mọ́. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó dúró sórí òkúta kan, ó sì ń ṣe àtúnṣe ọ̀rọ̀ tí yóò sọ láti kí wọn káàbọ̀.

"Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ mi," ó wí fún omi. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀ kí ó má bàa dà bíi pé ó ń yangàn.

Ẹnikẹ́ni kò wá. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà nígbà kẹta. Ẹyẹ kan tó ń mu omi lọ́hùn-ún wò ó, ó sì fò lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nídìí àràbà, ìdílé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí oòrùn, àwọn ọmọ sì gbé ewé wọn síwájú.

"Ọwọ́ òsì ni," Òkété kékeré wí.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni," Àparò kékeré wí. "Àbí o ò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún?"

"Ẹ̀yìn wa ni," Rẹ̀mílẹ́kún wí. "Ẹ wò ó, ìsàlẹ̀ ewé ni ibú wà."

"Tèmi ni Olùkọ́ fi àmì sí."

"Èmi náà ńkọ́? Kí ni mo ní níbí?"

Àmì wà lórí ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóòótọ́. Òbí wo ni yóò wá gbà pé ọmọ onílé kejì ló mọ̀wé ju ọmọ òun lọ? Bàbá Òkété yà sí òsì pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, Ìyá Àparò yà sí ọ̀tún. Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ gbé ìkarahun ìgbín tí ó rọ omi àti ọmọ mẹ́tàdínlógún sí, ó kẹ́yìn sí oòrùn, ó sì tẹ̀ lé Rẹ̀mílẹ́kún.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ọ̀rọ̀ ìkíni ti sú Akàn. Ó padà sílé. Ó bá ìdílé méjì létí kòtò tó ti gbẹ.

"Ẹ káàbọ̀, Olùkọ́," Bàbá Òkété wí láìgbójú sókè. Ó ń fi eyín yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. "Ibú yín mà dára. Ẹ̀gún ni wọ́n fi kún inú rẹ̀ dípò omi."

"Tiyín ṣì sàn," Ìyá Àparò wí. "Oko ọdẹ ni àwa bọ́ sí. Ó gbà wá lálejò dáadáa. Ìyẹ́ mẹ́ta péré ló gbà lára mi."

"Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ dà?" Akàn bi wọ́n.

Òkété kékeré ní, "Wọn ò tíì padà, Olùkọ́."

Akàn wo kòtò gbígbẹ náà. Ó wo oòrùn. Àyà rẹ̀ já, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì gbọ́.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí ni ẹ kò mọ̀ ọ́n kà," ó wí. "Mú ewé rẹ wá." Ó gba ewé Òkété kékeré, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. "Wò ó, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀."

"Olùkọ́," Òkété kékeré wí, "ẹ ti yí i. Èmi ò gbé e dání báyẹn."

"Báwo lo ṣe gbé e dání?"

Ọmọ náà gbà á, ó gbé e bí ó ṣe yà á. Ibú wà lọ́wọ́ òsì.

Akàn yíjú sí ilẹ̀. Àwòrán àná ṣì wà lórí ilẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ náà ti gan lójú oòrùn. "Lọ jókòó síbi tí o jókòó sí lánàá," ó wí.

Òkété kékeré lọ jókòó. "Ẹ wá síbi tí mo wà yìí, Olùkọ́, kí ẹ wò ó."

Akàn jókòó sí ipò tirẹ̀ ná. Ibú wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ó wá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá yíjú kúrò lára àwòrán náà pẹ́nrẹ́n, yóò dọ́gbọ́n yí padà mọ́ òun lójú. Nítorí náà kò yíjú. Ó kọjú sí àwòrán, ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn yí agbo náà ká, ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ Òkété kékeré. Ibú kò sí níwájú mọ́. Ó ti bọ́ sí ọwọ́ òsì.

Ó padà, ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn dé ibi tí Àparò kékeré jókòó sí. Ibú bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ó tún un ṣe. Ó yí agbo náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá àwòrán yóò ṣàánú rẹ̀. Àwòrán kò ṣàánú rẹ̀.

Akàn wá bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. "Ọmọ mẹ́ta ló jókòó níwájú mi lánàá," ó wí. "Ọmọ kan ṣoṣo ni mo kọ́. Èmi fúnra mi ni ọmọ náà, mo sì fún un ní àmì mẹ́ta."

"Olùkọ́," Ìyá Àparò wí, "ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá obìnrin yẹn, kí ẹ tó máa bú ara yín. Àwa náà á bá yín bú u tó bá yá."

"Ibo ni Rẹ̀mílẹ́kún jókòó sí?"

Wọ́n fi ibẹ̀ hàn án. Ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn débẹ̀, ó sì jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ibú wà, bí ọmọ náà ṣe sọ gẹ́lẹ́. Igi àràbà jìnnà réré sí i lókè. Kí ó lè rí gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó na ojú rẹ̀ sókè. Ó nà án, ó nà án, títí ojú méjèèjì fi yọ síta pátápátá, tí wọ́n dúró lórí igi tín-ínrín méjì.

"Ẹ̀yìn ló wà," ó wí. "Wọ́n kọjú sí oòrùn bí mo ṣe ní kí wọ́n ṣe, wọ́n wá kẹ́yìn sí i. Apá ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n lọ. Oko tí iná jó nìyẹn. Kò sí ewé kan níbẹ̀ tó lè ṣíji bo èèrà."

Ó dìde láti sáré. Ó na àyà bí ó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò lọ síwájú. Yíyí tí ó ń yí agbo ká ti mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kò sí àyè láti bá ẹsẹ̀ jà. Ó fi ẹ̀gbẹ́ sáré, ó sì yà á lẹ́nu pé òun yára ju bí òun ti máa ń yára tẹ́lẹ̀ lọ. Òkété àti Àparò pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn gbá tọ̀ ọ́.

Ẹ̀yìn ìtì igi kan tó ti di èédú ni wọ́n ti rí Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́. Awọ ara rẹ̀ ti gbẹ. Ìkarahun ìgbín wà níwájú rẹ̀, omi inú rẹ̀ kò sì ju kí a fi tọ́ ẹnu lọ. Àwọn ọmọ náà dùbúlẹ̀ léra wọn, ìrù wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mì mọ́. Rẹ̀mílẹ́kún na ewé kókò rẹ̀ bo ẹnu ìkarahun náà kí oòrùn má bàa pa wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí ewé náà wúlò fún lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

"Olùkọ́," Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ wí, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, "ṣé ibú náà rèé?"

Akàn fi ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ ìkarahun náà, ó sì da gbogbo omi tí ó rọ sábẹ́ ìkarahun ara rẹ̀ sí i, tòun ti ìfófòó. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò. Ìrù kan mì. Òmíràn mì. Kò pẹ́ tí omi náà fi ń hó fún ìrù.

Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ ka orí wọn. Ó tún wọn kà. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n.

Akàn yíjú sí Rẹ̀mílẹ́kún. "O bi mí ní ìbéèrè lánàá."

"Mo bi yín, Olùkọ́. Ẹ ní a ò ka ẹsẹ̀ mi."

"Ẹsẹ̀ rẹ ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ kà," Akàn wí. "Jọ̀ọ́, fún mi ní ewé yẹn."

Ó gbà á, kò sì yí i rárá. Ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ náà, ó wò ó láti ibẹ̀. Ó bi í pé, "Nígbà tí o ń ya èyí, apá ibo lára ewé yìí ni oòrùn ti ń yọ?"

Rẹ̀mílẹ́kún ronú. "Ẹ̀yìn mi ló wà, Olùkọ́. Ìsàlẹ̀ ewé nìyẹn."

Akàn ya oòrùn kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ewé náà. Ó bi Òkété kékeré, ó sì ya oòrùn sí ẹ̀gbẹ́ òsì ewé tirẹ̀. Ó bi Àparò kékeré, ó sì ya oòrùn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tirẹ̀. "Ó yá," ó wí, "ẹ yí ewé yín títí oòrùn orí ewé yóò fi kọjú sí ibi tí oòrùn ojú ọ̀run ti yọ láàárọ̀."

Wọ́n yí i. Ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá jọ ara wọn bí ìbẹta.

"Háà," Àparò kékeré wí, "a jọ gbà á ni."

"Ẹ̀yin gbà á," Akàn wí. "Èmi ni mo kùnà. Ẹ ṣáájú, ẹ máa mú wa lọ."

Àwọn ọmọ ṣáájú. Bàbá Òkété bá wọn gbé ìkarahun náà. Akàn wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ bọ̀, ojú rẹ̀ lórí igi méjì, kí ó lè máa rí ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n kọjá àràbà, wọ́n kọjá òkúta mẹ́ta, wọ́n kọjá òkìtì ọ̀gán. Òkété kékeré ń ka ìṣísẹ̀ ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní ìṣísẹ̀ Akàn kan tó ìlàjì tòun péré, kí àwọn kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Akàn ní kó kọ ọ́.

Oòrùn ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n da ọmọ mẹ́tàdínlógún sínú Ibú Àìgbẹ. Ìyá Ọ̀pọ̀lọ́ jókòó sínú omi dé ọrùn. Ó wo Akàn, ó rí bí ó ṣe ń gbìyànjú láti rìn tààrà létí omi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Olùkọ́, ara yín á padà bọ̀ sípò. Ẹ sinmi."

"Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀," Akàn wí. "Nígbà tí mo ń rìn tààrà, mo sọ ìdílé mẹ́ta nù. Ẹ̀gbẹ́ tí mo fi rìn lẹ́ẹ̀kan yìí, mo rí yín."

Láti ọjọ́ náà ni akàn kì í ti í rìn tààrà mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ń fi rìn, bí olùkọ́ tó ń yí àwòrán ká láti wò ó níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó sí. Láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ ti wà lórí igi tín-ínrín méjì, tí ìfófòó sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀, nítorí kì í jáde nílé mọ́ láìrọ omi dání fún ẹni tó bá ṣìnà. Láti ọjọ́ náà pẹ̀lú ni ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kì í ti í ya àwòrán ilẹ̀ láìfi àmì sí i tó ń sọ ibi tí àríwá wà tàbí ibi tí oòrùn ti ń yọ.

Bí ẹ bá dé etí odò, tí ẹ rí ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ẹrẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Akàn ló ń múra iṣẹ́ ọ̀la sílẹ̀. Bí ó bá sì rí yín, yóò sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, yóò dúró, yóò na ojú sókè wò yín. Kò bínú sí yín. Ibi tí ẹ dúró sí ló ń wò.